Ọjọ́ Tí Jẹnẹrétọ̀ Onígbàjámọ̀ Rèlé Ìgbẹ̀bí

Ẹ kò ní gbà mí gbọ́, mi ò sì ní bá yín jà sí i. Bí ẹnìkan bá jókòó tì mí nígbà tí mo wà lọ́mọdé, tó ní ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ẹ̀mí ọmọ tí mo bí yóò rọ̀ mọ́ gílóòbù méjì àti jẹnẹrétọ̀ onígbàjámọ̀, èmi náà ìbá ní kí wọ́n bá a wá ewé sí i lórí. Ṣùgbọ́n ó ṣẹlẹ̀, ní Ìgbó-Ọrà níbí, nígbà tí ọ̀pọ̀ nínú yín kò tíì sí nínú èrò bàbá yín. Ẹni tó bá fẹ́ gbà á gbọ́, kó súnmọ́ mi. Ẹni tí kò bá fẹ́, kó bá mi ti ilẹ̀kùn bó bá ń jáde, kí ẹ̀fọn má wọlé.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ kì í kí iná mọ́. Ó dé, ẹ dákẹ́. Ó lọ, ẹ pòṣé. Nígbà tiwa, àlejò pàtàkì ni iná mànàmáná. Bó bá dé, láti Pákò dé Ìdófin ni ariwo á ti sọ: "Ó ti dé o!" Àwọn ọmọdé á máa fò sókè, àwọn ìyá arúgbó á ní, "Ó káàbọ̀ o," bí ẹni pé ọkọ̀ Abẹ́òkúta ló já a sílẹ̀. Bó bá sì lọ, gbogbo ìlú á mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ṣì ń gbọ́ ìmí yẹn létí mi.

Kí ó tó dé, kò sí ìmọ́tótó kan tí kò ní ẹ̀fín nínú. Ẹni tó fẹ́ wọ aṣọ tó jọjú, èédú ni yóò kọ́kọ́ fẹ́. Tíṣà ni mí, ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo ti ń kọ́ni, àràárọ̀ Mọ́ńdè sì ni èmi àti áyọ́ọ̀nù eléèédú máa ń wọ̀yá ìjà. Àkùkọ irin kékeré kan wà lórí ìdérí rẹ̀, bí ẹni pé òun ni yóò kọ kí ilẹ̀ tó mọ́. Lọ́jọ́ kan, mo fẹ́ iná rẹ̀, mo fẹ́ ẹ, èédú kékeré kan ta jáde, ó sì dá ihò sí abíyá ṣẹ́ẹ̀tì funfun kan ṣoṣo tí mo ní. Odindi sáà kan ni mi ò fi gbé apá sókè ní kíláàsì. Àwọn ọmọ rò pé mo ti jáwọ́ nínú ẹgba nínà, wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Àwọn obìnrin ńkọ́? Ìyarun irin ni wọ́n ń kì bọ inú èédú, bó bá ti pọ́n, wọ́n á fi ya irun tó le. Bí ẹ bá gba ẹ̀yìnkùlé kan kọjá lọ́jọ́ Jímọ̀, ẹ ó rò pé wọ́n ń sun ewúrẹ́. Ìgbà tí díráyà oníná kọ́kọ́ wọ ìlú, tó rí bí ìkòkò tí wọ́n dojú rẹ̀ dé ènìyàn lórí, ẹ̀rù ba àwọn ọkọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí iná. Ìró rẹ̀ ni. Ẹni tó bá wà lábẹ́ rẹ̀ kò lè gbọ́ ohùn ara rẹ̀, nítorí náà igbe ni yóò máa ké. Àṣírí tí obìnrin ìbá sọ wúyẹ́wúyẹ́ sétí ọ̀rẹ́ rẹ̀, gbogbo títì ló ń gbọ́ ọ. Mo mọ ọkùnrin kan tó tibẹ̀ gbọ́ pé ìyàwó òun kò fẹ́ràn ọbẹ̀ tí òun gan-an máa ń sè. Kò tún dáná mọ́ títí dòní.

Ti irun ọkùnrin ló wá dùn jù. Onígbàjámọ̀ àtijọ́ kì í dúró lójú kan. Yóò gbé àpò awọ kọ́ èjìká, yóò máa ti ilé dé ilé, pàápàá bí Iléyá bá ku ọ̀la. Omi tútù ni yóò fi rẹ irun, yóò pọ́n abẹ sí àtẹ́lẹwọ́, fẹ́ẹ́, fẹ́ẹ́, yóò sì gbá orí ẹni mọ́ àárín orúnkún bí ẹni tó fẹ́ dú àgbò. Àwa tí a ń retí ẹran Iléyá la máa ń kọ́kọ́ ké. Ìgbà tí Ràfíù ti Ìbàdàn dé, tó gbé dígí kọ́, tó sì ki wáyà kílípà bọ ara ògiri, ṣe ni èrò pé lé e lórí. Ó dún: sùùùùn! Bàbá àgbẹ̀ kan tó ti Ìdèrè wá fò dìde lórí àga. Ó ní òun mọ ìró yẹn dáadáa, kòkòrò ni. Kòkòrò tó ń jẹ irun ni wọ́n kó sínú rẹ̀. Kí Ràfíù tú u kí òun rí bí wọ́n ṣe tóbi tó. Ràfíù tú u lóòótọ́. Bàbá wo inú rẹ̀ títí, ó mi orí.

"Wọ́n ti fò lọ," ó ní. "O pẹ́ jù kí o tó ṣí i."

Ó sì jókòó padà kí wọ́n gẹ òun.

Mi ò gbọdọ̀ gbàgbé ti abẹ́rẹ́. Orí sítóòfù ni wọ́n ti ń sè é nínú agolo pẹlẹbẹ. Bí omi bá ti ń hó, àwọn abẹ́rẹ́ á máa kọ lu ara wọn, ṣáká, ṣáká. Wọn kò ní tíì gún ẹnikẹ́ni tí gbogbo ọmọ tó wà lórí ìlà á ti máa sunkún. Bí obìnrin bá ń rọbí, ìyá ọkọ rẹ̀ ni yóò mú lántà lọ́wọ́. Àánú á ṣe é, ọwọ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n, agbẹ̀bí á wá máa pariwo: "Màmá, ibí lọmọ ń gbà jáde, kì í ṣe òkè àjà!" Ẹ wá wo bí iná ṣe yí gbogbo rẹ̀ padà. Fíríìjì ń tọ́jú abẹ́rẹ́ àjẹsára, gílóòbù dúró lókè, ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n. Ní Ìbàdàn, wọ́n ní ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán egungun láìgé ẹran. Àbúrò bàbá mi kan ní Ayétẹ̀ já lórí ọ̀pẹ, wọ́n ya ìhà rẹ̀. Ìgbà tó san, ó gbé àwòrán náà kọ́ sí pálọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò ìgbéyàwó rẹ̀. Bí àlejò bá bèèrè, á ní, "Èmi náà ni, lọ́jọ́ tí mi ò wọ nǹkankan."

Ìyá mi nìkan ni kò bá wa yọ̀. Obìnrin tó bí ọmọ mẹ́sàn-án ni, òkúta gbígbóná tí a fi àkísà wé ló fi yá gbogbo wa lára. Ó ní òun kò lè fọkàn tán iná tí kò ní ẹ̀fín. "Ẹ̀fín ni àmì pé iná ti jẹun," ó máa ń wí. "Èyí tí kò jẹun yìí, kí ló fi ń ṣe agbára?" Mo fi ẹ̀kọ́ ìwé dá a lóhùn, mo yàwòrán wáyà sílẹ̀ẹ́lẹ̀ fún un. Ó wò ó, ó ní kí n gbálẹ̀ níbẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn nígbà tí ìyàwó mi, Sífáwù, lóyún ìbejì. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Ìgbó-Ọrà ìlú ìbejì mà ni, a sì ti jẹ ọbẹ̀ ìlasá dé ibi tó yẹ. Ó ku oṣù kan àti díẹ̀ kí ọjọ́ pé tí àwọn ọmọ náà ní àwọn ò lè dúró mọ́. A gbé e lọ sí ilé ìgbẹ̀bí Ìyá Nọ́ọ̀sì, obìnrin Èrúwà kan, onígbàgbọ́ tó máa ń kọ orin nínú imú bí iṣẹ́ bá le. Táíwò ló kọ́kọ́ jáde, ó ké bí ẹni tí wọ́n jà lólè. Kẹ́hìndé tẹ̀lé e. Kò tóbi ju ọmọ ológbò lọ. Mo lè ka egungun ìhà rẹ̀. Ara rẹ̀ tutù, kò sì lágbára àtifa ọyàn mu. Ọmọ ṣíbí ni wọ́n fi ń kán wàrà ìyá rẹ̀ sí i lẹ́nu.

Ìyá Nọ́ọ̀sì pè mí sí kọ̀rọ̀. "Tíṣà, mi ò ní purọ́ fún yín. Kò sí àìsàn lára ọmọ yìí. Òtútù ló lè pa á. Ara rẹ̀ kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń dá ooru. Bí a bá lè bá a mú ooru dání fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, yóò di ènìyàn. Bí ooru bá já, kódà kó jẹ́ fún wákàtí kan..."

Mo bèèrè ibi tí a ó ti rí ooru náà.

Àpótí onígíláàsì tí wọ́n fi ń tọ́jú irú wọn, Ìbàdàn ló wà, òjò sì ti sọ ọ̀nà di ẹrẹ̀. Ó ní ọmọ náà kò ní dé ọ̀hún láàyè. Ṣùgbọ́n ọkọ rẹ̀ ń sin adìẹ òyìnbó ní Èrúwà, ó sì ti rí bí wọ́n ṣe ń fi gílóòbù yá òròmọdìẹ lára nínú àpótí pákó. Ó ti pẹ́ tí Ìyá Nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ ti ní kí káfíńtà kan irú rẹ̀ fún òun, kí ó mọ́, kí ó dán, kí ó ní fèrèsé gíláàsì kékeré. Gílóòbù méjì wà nísàlẹ̀, àwọ̀n irin là á láàárín, ọmọ yóò wà lókè lórí aṣọ rírọ̀. Abọ́ omi wà ní igun kan kí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ má baà gbẹ, tamómítà sì rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀. Ó tan iná náà. Ìmọ́lẹ̀ pupa rúsúrúsú yọ lójú gíláàsì, ó dà bí ìgbà tí a bá tú epo tuntun. Ó tẹ́ Kẹ́hìndé síbẹ̀. Mo tẹ ojú mọ́ gíláàsì náà. Nǹkan kan náà tó ń jẹ irun ní ṣọ́ọ̀bù Ràfíù, òun ló ń ṣe ìyá fún ọmọ mi níbí.

Ìyá mi yí àpótí náà po lẹ́ẹ̀mejì.

"Ìyá Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, adìẹ ni ìyàwó ọmọ mi bí ni, àbí ènìyàn?"

"Ènìyàn ni, Màmá."

"Ẹ wá ń sìn ín bí òròmọdìẹ?"

"Màmá, bí òròmọdìẹ tí kò ní ìyá bá lè yè nínú àpótí, èyí tó ní ìyá, tó ní bàbá, tó tún ní irú ìyá àgbà báyìí, ṣé òun ló máa wá kú?"

Ìyá mi fa àga, ó jókòó ti àpótí náà.

Àṣẹ kan ṣoṣo ni Ìyá Nọ́ọ̀sì pa. Táíwò sanra, ara rẹ̀ yá, ẹ̀gbẹ́ ìyá rẹ̀ ni kó wà. Kí ẹnikẹ́ni má gbé e sínú àpótí. Ooru á pọ̀ jù fún un, ibẹ̀ kò sì gba méjì. Mo rí i bí ojú ìyá mi ṣe yí padà. Ní ìlú yìí, ọmọ ọdún mẹ́ta pàápàá mọ̀ pé ohun tí a bá ṣe fún Táíwò la ó ṣe fún Kẹ́hìndé. Bí a bá ra bàtà fún ọ̀kan, ti èkejì gbọdọ̀ wà nínú ọ̀rá kan náà. Bí a bá na ọ̀kan pàápàá, a óò fi ọwọ́ kan èkejì lẹ́yìn díẹ̀, kó má baà rò pé a yọ òun sílẹ̀. Ẹ wá ní kí a tẹ́ Kẹ́hìndé sínú àpótí tó ń tàn bí ààfin, kí Táíwò wà lórí ẹní?

Lọ́jọ́ kẹta, Ìyá Nọ́ọ̀sì bá ọmọ méjì nínú àpótí.

"Màmá!"

"Mo kàn ní kí wọ́n kí ara wọn ni."

Lọ́jọ́ kẹrin, ó tún bá méjì.

"Màmá, ṣebí wọ́n ti kí ara wọn lánàá?"

"Ẹ̀yin kì í kí ará ilé yín lójoojúmọ́ ni?"

Mo fà á síta, mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní, "Ìyá mi, ẹ fẹ́ kí wọ́n lé wa ni?" Ó tún gèlè rẹ̀ wé, ó wò mí bí ẹni wo ọmọ tí kò mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì.

"Wọ́n jọ wà nínú òkùnkùn láti ọjọ́ yìí wá," ó ní. "Iná dé tán, ẹ ní kí ọ̀kan dá dúró."

Mo wọlé lọ gbé Táíwò jáde nínú àpótí, mo gbé e fún Sífáwù.

Nígbà tó di ọjọ́ keje, tí ìsọmọlórúkọ ku ọ̀la, tí Àáfà sì ti gbà pé ilé ìgbẹ̀bí náà ni òun yóò wá, mo ní kò yẹ kí bàbá ìbejì jókòó síwájú àlejò pẹ̀lú irun bí ìgbẹ́. Ọ̀sán gangan ni, oòrùn ń jó. Ṣọ́ọ̀bù Ràfíù wà ní òdìkejì títì gan-an. Ó da aṣọ funfun bò mí láti ọrùn, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti apá ọ̀tún, ó ń gẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ féléfélé bí mo ṣe fẹ́ ẹ. Ó dé àárín orí gẹ́lẹ́ ni kílípà dákẹ́.

"Wọ́n ti mú iná lọ," Ràfíù wí. Kò yà á lẹ́nu. Òun nìkan ló ní jẹnẹrétọ̀ ní títì náà, kékeré kan tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Ó bá a ja ìjà okùn díẹ̀, ó fà á lẹ́ẹ̀kan, ó fà á lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta ó ké gbùrùrù. Ó padà wá, ó ní kí òun tún apá ọ̀tún yẹn ṣe kó jọra kí òun tó bọ́ sí òsì. Mo di ojú, mo ń gbádùn ara mi. Ọlọ́run dárí jì mí, mi ò rántí àpótí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lódìkejì títì bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún mi lẹ́yìn náà. Obìnrin kan ń rọbí ní yàrá kejì, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Ìyá Nọ́ọ̀sì wà. Sífáwù lọ wẹ̀. Ìyá mi wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó gbé Táíwò, ó tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì rẹ̀, ó da aṣọ tó nípọn bo àpótí padà bí wọ́n ṣe máa ń bò ó kí ooru má baà jáde, ó mú tẹ̀sùbáà rẹ̀, ó sì tòògbé. Iná lọ. Ta ni yóò mọ̀? Ọ̀sán ni, ojúmọmọ, wọ́n ti yọ fáànù kúrò nínú yàrá yẹn nítorí atẹ́gùn. Àpótí bò, kò sí ẹni tó lè rí i pé òkùnkùn ti wà nínú rẹ̀.

Kẹ́hìndé kò sọ nǹkankan. Kò lágbára igbe. Òun ìbá ti lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, láìpe ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n Táíwò, Táíwò tí kò gbọdọ̀ sí níbẹ̀, nǹkan dédé tutù sí i lẹ́yìn ooru tó dùn, ó sì la ẹnu. Wọ́n ní àwọn tó wà nídìí kànga gbọ́ ọ. Ìyá mi ta jí. Ìyá Nọ́ọ̀sì sáré wọlé, ó ká aṣọ, ó rí gílóòbù méjì dúdú. Ẹsẹ̀ Kẹ́hìndé tutù bí òkúta odò, ètè rẹ̀ ti ń pa àwọ̀ dà. Ó fà á yọ, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ àyà Sífáwù tó sáré jáde ní balùwẹ̀, tí omi ṣì wà lára rẹ̀, ó fi aṣọ wé àwọn méjèèjì pọ̀.

"Ara ìyá nìkan kò ní tó," ó ń wí. "Iná ni mo nílò! Jésù, iná!"

Ìgbà yẹn ni ìyá mi gbọ́ gbùrùrù jẹnẹrétọ̀ Ràfíù lódìkejì títì.

Ohun tí èmi rí ni pé ìyá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù láìwé gèlè. Mi ò rí orí ìyá mi lásán níta rí láyé mi.

"Ràfíù, gbé ẹ̀rọ yẹn ká lọ!"

"Màmá, orí Tíṣà..."

"Orí Tíṣà ti gbó, ó lè dúró. Gbé e! Ọmọ ń kú!"

Mo ti dìde kí ó tó sọ ọ́ tán. Ràfíù bẹ̀rẹ̀ kó pa ẹ̀rọ náà kí a lè rí i gbé, ìyá mi lù ú lọ́wọ́.

"Má pa á! Bó bá kọ̀ tí kò jí mọ́ ńkọ́?"

"Màmá, ó gbóná, epo ló wà nínú rẹ̀, kò dáa kí..."

"Mo ní má pa á!"

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má ṣe irú rẹ̀ láéláé. Ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ la ṣe gbé e, ó ń ké, ó ń gbọ̀n, èmi mú apá kan, Ràfíù mú apá kan, àkísà ni a fi di ọwọ́. Ìkánjú kò jẹ́ kí a rántí yọ kílípà lára wáyà. Ó ń wọ́ bọ̀ lẹ́yìn wa lórí ọ̀dà, ó ń dún sùùn, ó ń ta pọ́nún pọ́nún, àwọn ewúrẹ́ ń sá fún un. Aṣọ funfun Ràfíù ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lọ́rùn mi, ìdajì orí mi pá, ìyá mi ń sáré níwájú, ó ń na ọwọ́ sí àwọn ọlọ́kadà kí wọ́n yà. Àwọn ọmọ kíláàsì mi tó ń ti ilé ẹ̀kọ́ bọ̀ dúró, wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọ́n rò pé eégún tuntun ni.

"Tíṣà, kí lẹ jí gbé?" obìnrin kan kígbe.

Àdúrà ni mo ń gbà, mi ò sì mọ ibi tí mo ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

A gbé e sábẹ́ fèrèsé níta, Ìyá Nọ́ọ̀sì fa wáyà wọlé, ó kì í bọ̀ ọ́. Gílóòbù méjì náà tàn. Kò sẹ́ni tó hó yèè. A kúnlẹ̀ yí àpótí náà ká, a ń wo tamómítà bí ẹni ń wo ojú oṣù. Nígbà tí ooru inú rẹ̀ pé, wọ́n gba Kẹ́hìndé lára ìyá rẹ̀, wọ́n tẹ́ ẹ padà. Ó pẹ́. Ètè rẹ̀ padà díẹ̀díẹ̀. Ìyá Nọ́ọ̀sì fọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń kọ orin nínú imú, ó tún fọwọ́ kàn án. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí wa.

"Ta ló gbé Táíwò síbẹ̀?"

Gbogbo wa wo ilẹ̀.

"Èmi ni," ìyá mi wí.

Ìyá Nọ́ọ̀sì kúnlẹ̀ fún un, orúnkún méjèèjì.

"Ẹ ṣeun, Màmá," ó ní. "Ẹ má tún dán an wò mọ́."

Àwọn oníná kò mú iná padà wá lọ́jọ́ yẹn. Ràfíù kò bèèrè ẹ̀rọ rẹ̀. Ìgbà tí epo fẹ́ tán, àwọn ọlọ́kadà Ìdèrè tí wọ́n ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà ń gbé ọ̀kadà wọn wá lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń fa díẹ̀díẹ̀ sínú kẹ́ẹ̀gì kan, wọ́n ń kan ìlẹ̀kùn pé, "Ti Kẹ́hìndé nìyí." Ìyá mi jókòó ti ẹ̀rọ náà níta, ó ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ kí ara rẹ̀ má gbóná jù. Ẹ̀fín rẹ̀ ń wọ̀ ọ́ lójú. Ó ní, "Ẹ rí i? Èyí jẹun."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, tí Ìyá Nọ́ọ̀sì gbé Kẹ́hìndé jáde láti fi ṣíbí kán wàrà sí i lẹ́nu, ọmọ náà yí orí kúrò lọ́dọ̀ ṣíbí. Ó wá, ó wá, ó bá ọyàn ìyá rẹ̀, ó dì í mú. Sífáwù kò lè pariwo, ó kàn di apá mi mú títí ó fi dùn mí. Ó fà á. A gbọ́ bó ṣe gbé e mì.

Bẹ́ẹ̀ ni Àáfà ṣe bá wa, tí kálukú ń nu ojú. Ó ní kí wọ́n kó ọmọ wá kí wọ́n fá orí wọn bí ẹ̀sìn ṣe wí. Ìyá Nọ́ọ̀sì ní ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Orí ni ooru ń gbà jáde lára ọmọ, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi abẹ kan Kẹ́hìndé. Ìyá mi ní bí wọn kò bá fá ti Kẹ́hìndé, kí wọ́n má fọwọ́ kan ti Táíwò. Àáfà wo obìnrin kan, ó wo ìkejì, ó rí i pé agbára òun kò ká méjèèjì. Mo dọ̀bálẹ̀ láti bẹ̀ ẹ́. Fìlà mi já bọ́.

Ẹ rántí pé kílípà Ràfíù ti kú sórí ọ̀dà lánàá. Bí wọ́n ṣe gẹ̀ mí dé ìdajì ni mo ṣe wà. Àáfà tẹ orí, ó wo apá ọ̀tún, ó wo apá òsì.

"Alihamudulilahi," ó ní. "Ẹ ti fá ti Táíwò. Ti Kẹ́hìndé ló kù."

Ẹ̀rín ló fi wí i. Ó pe orúkọ sí wọn létí, ó ṣe àdúrà, a ṣe àmín. Bí ó ṣe ń jáde ni Ràfíù wọlé, ó ti lọ yá kílípà ọlọ́wọ́ lọ́dọ̀ onígbàjámọ̀ kan nínú ìlú.

"Tíṣà, ẹ jókòó. Kò ní pẹ́."

Mo jókòó. Ó gbé ọwọ́ sókè, ìyá mi dì í mú.

"A kì í fá orí lẹ́yìn olórí."

"Màmá, olórí rè é, ó jókòó síwájú mi."

"Ta ló sọ fún ọ pé òun ló ni apá tó kù yìí? Ṣé o ò gbọ́ ohun tí Àáfà wí?" Ó na ìka sí àpótí. "Olórí wà nínú ibẹ̀ yẹn, ó yó, ó ń sùn. Lọ́jọ́ tó bá jáde tí wọ́n fá tirẹ̀, kí ẹ wá fá ìyókù."

Ràfíù rò pé àwàdà ni, ó rẹ́rìn-ín. Ìyá mi kò rẹ́rìn-ín. Mo wo Sífáwù pé kó gbà mí, ó ti yíjú sí ògiri, èjìká rẹ̀ ń mì. Mo mú fìlà mi nílẹ̀, mo gbọn eruku rẹ̀, mo fi dé apá ọ̀tún àti apá òsì bó ṣe lè ká wọn mọ, mo sì jáde lọ kí àwọn àlejò.